Ibi Tí Owó Náà Ń Gbà: Òwò Nàbì àti Ẹrù Ọkàn Tó Ń Bá A Rìn

Nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá ń pe obìnrin tó ń fi ara rẹ̀ pa owó, aṣẹ́wó ló wọ́pọ̀ jù. “Ṣẹ́ owó” ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó bí ọ̀rọ̀ náà: kí èèyàn mú owó odindi wá, kí ó gba wẹ́wẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà kò mẹ́nu ba ibùsùn, kò mẹ́nu ba ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Owó ló mẹ́nu bà. Karúwà tí àwọn àgbà máa ń wí, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ló ti wọlé. Òwò nàbì ni àwọn oníròyìn máa ń lò nígbà tí wọn kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le jù létí. Panṣágà kì í ṣe ohun kan náà, nítorí obìnrin tó ní àlè lè jẹ́ panṣágà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí a bá ti dárúkọ aṣẹ́wó, owó ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ òwò yìí, kí ó tọ ipasẹ̀ owó náà dé ibi tó ń lọ kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Àgbàlagbà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí ẹnìkan bá fi owó bá lò pọ̀, kò ṣòwò kankan. Ìwà ọ̀daràn ni wọ́n hù sí i, bí ọmọ náà tilẹ̀ sọ pé òun gbà.

Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ìlú kò tóbi débi tí ẹnìkan yóò fi fara pamọ́. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Aramọkọ, ní Ìjerò tàbí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí ó kí àgbàlagbà kan, ohun tí àgbà náà yóò kọ́kọ́ bi í ni ọmọ ẹni tó jẹ́ àti àdúgbò tí ilé wọn wà. Ìbéèrè yẹn nìkan tó láti jẹ́ ká mọ ìdí tí ọmọ Ìjerò kì í sábà fi ṣe òwò yìí ní Ìjerò. Ibi tí wọn kò ti mọ ilé bàbá rẹ̀ ni yóò lọ, ìbáà jẹ́ Èkó, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn tàbí Abuja. Èyí tó bá sì ń ṣe é nílùú kékeré, ọmọ ibòmíràn ni, ó rìn jìnnà kí ó tó dé ibẹ̀, ó sì ti fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ nílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n I. O. Orubuloye, tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì tó wà ní Adó-Èkìtì, àti tọkọtaya Caldwell, John àti Pat, láti Ọsirélíà, wádìí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí àrùn AIDS ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ́rù ba ayé. Ní 1991 wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn lórí ìbálòpọ̀ ní agbègbè Èkìtì jáde. Ní 1994 òmíràn tẹ̀ lé e, lórí àwọn olówò nàbì ní Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n rí kò jọ èyí tí àwọn oníwàásù máa ń sọ. Àwọn obìnrin náà jìnnà sí ilé, ará ilé wọn kò mọ̀, èrò ọ̀pọ̀ wọn sì ni pé kí àwọn kó owó jọ fún ọdún díẹ̀, kí àwọn fi dá ọjà sílẹ̀, kí àwọn padà sílé lọ lọ́kọ. Iṣẹ́ àṣelọ ni lójú wọn. Wọn kò kà á sí irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, àwọn tó ń wò wọ́n lóde ló kà á sí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Èkìtì tún jẹ́ ká mọ ibi tí oníbàárà ti ń wá. Obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ a máa yàgò fún ọkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ó tún lè kọ̀ fún un bí ọkọ bá kó àrùn wálé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, àṣà sì dúró tì í. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí ọkọ náà ṣe sùúrù bákan náà. Àṣà tó fún ìyàwó ní ìsinmi kò dí ọ̀nà ìta mọ́ ọkọ. Nítorí náà, oníbàárà kì í ṣe àjèjì kan tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Bàbá ilé ni, awakọ̀ ni, oníṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé lọ síbi tí ìdílé rẹ̀ kò tẹ̀ lé e dé ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa kùsà ni.

Kùsà kò ṣe é fò nínú ọ̀rọ̀ agbègbè yìí. Ilẹ̀ Ìjerò kún fún àwọn òkúta oníyebíye àti lítíọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀ oníná. Láyé òwò kòkó, ìgbà ìkórè ni owó máa ń wọlé. Ti awakùsà kò rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tó bá rí nǹkan nínú ihò ni owó rẹ̀ dé. Ibi gbogbo láyé tí ọkùnrin púpọ̀ bá ti ń gba owó ojúmọ́ níbi tó jìnnà sí aya àti ìyá wọn, ẹni tí ń ta oúnjẹ a débẹ̀, ẹni tí ń ta ọtí a débẹ̀, òwò nàbì a sì tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Èkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí sójà àti atukọ̀ òkun kún ìgboro. Ní 1941 ìjọba amúnisìn ṣe òfin láti fi ká àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú àwọn atukọ̀ lọ bá obìnrin lọ́wọ́ kò, àwọn tí wọ́n ń pè ní bọ́mà bọ́ìsì. Òfin kò ṣàì dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin náà. Atukọ̀ tó sanwó ni kò rí òfin kankan.

Owó náà kì í pẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó gbà á. Ní ilé aṣẹ́wó, irú èyí tó ti pẹ́ ní òpópónà Ayilara lẹ́bàá Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, kò sí onílé tó ń san owó oṣù fún obìnrin. Obìnrin náà ló ń san owó yàrá, ojoojúmọ́ ló sì ń san án, bí oníbàárà wá, bí wọn kò wá. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, ọjọ́ tó ń ṣe nǹkan oṣù, owó yàrá kò dúró dè é. Lẹ́yìn onílé ni ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Alájọ náà ń bọ̀ wá gba tirẹ̀, èyí tó tiẹ̀ ṣeé yọ̀ mọ́ nítorí pé owó náà yóò padà wá. Nígbà mìíràn ọlọ́pàá a dé, wọn a kó gbogbo ilé, wọn a sì gba owó béèlì, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni béèlì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn. Ohun tó bá ṣẹ́kù ló ń lọ sílé: owó iléèwé àbúrò, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, páànù tí wọ́n fi bo ilé bàbá.

Ará ilé tó ń gba owó yìí kì í bèèrè púpọ̀. Wọ́n gbọ́ pé ọmọ àwọn ń ta aṣọ, tàbí pé ó ń ṣiṣẹ́ ní họ́tẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì gbàdúrà fún un lórí fóònù. Bóyá ìyá náà fura, bóyá kò fura. Ṣùgbọ́n àìbèèrè náà jẹ́ ìpinnu, ó sì yẹ kí a kà á mọ́ ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nínú òwò yìí. Ìdílé tí yóò kọ́kọ́ lé ọmọbìnrin náà jáde bí àṣírí bá tú ti lè fi owó rẹ̀ kọ́ ilé tí wọ́n ń lé e kúrò nínú rẹ̀.

Ibi tí ọkàn ti ń ṣiṣẹ́ nínú òwò yìí ni àwọn tó ń wò ó lókèèrè kì í rí. Ní 1983, Arlie Hochschild, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń sanwó fún nítorí ẹ̀rín wọn. Ó ní kí òṣìṣẹ́ máa gbé ìmọ̀lára tí kò ní wọ̀, kí ó sì bo èyí tó ní mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ni, ó sì ń rẹ ènìyàn bí ẹrù rírù ṣe ń rẹ̀ ẹ́. Kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Ìjerò tí kò mọ ohun tó ń wí, nítorí ojú kíkorò kì í ta ọjà. Ti olówò nàbì ló wúwo jù, torí pé ara rẹ̀ ni ìsọ̀, ara náà ni ọjà. Oníbàárà kan fẹ́ kí ó ṣe bí ẹni pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Òmíràn kò wá fún ìbálòpọ̀ rárá. Ó fẹ́ rojọ́ ìyàwó rẹ̀ ni, ó fẹ́ sunkún, obìnrin náà a sì gbọ́ ẹkún tí aya ilé kò tíì gbọ́ rí. Òmíràn wá láti tẹ́ ẹ, nítorí pé ó gbàgbọ́ pé owó tí òun san ra ẹ̀tọ́ yẹn mọ́ ọn.

Kí ọkàn má baà bàjẹ́, àwọn obìnrin náà a máa pààlà. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbi iṣẹ́ kì í ṣe èyí tí bàbá sọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ kì í jẹ́ kí oníbàárà fi ẹnu kan àwọn lẹ́nu, nítorí ìfẹnukonu jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Èyí tó le jù nínú ààlà náà ni kọ́ńdọ̀mù. Àwọn elétò ìlera tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti kíyè sí i lọ́pọ̀ ìgbà pé obìnrin tí kì í gbà fún oníbàárà láìsí kọ́ńdọ̀mù yóò gbà fún ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ẹni tó ń pè ní ọkọ. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Bí ó bá fi kọ́ńdọ̀mù sáàárín àwọn méjèèjì, ọkọ náà ti di oníbàárà nìyẹn, kò sì fẹ́ kí gbogbo ọkùnrin ayé jẹ́ oníbàárà. Ibi tí ọkàn rẹ̀ ti ń sinmi ni àrùn náà ti ń rí ọ̀nà wọlé.

Síbẹ̀, kọ́ńdọ̀mù àti ìmọ̀ràn láti ẹnu ẹlẹgbẹ́ ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2007, ó lé ní 37 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà ní ilé aṣẹ́wó tó ní kòkòrò HIV. Ní 2010 ó jẹ́ 27. Ní 2014 ó ti wálẹ̀ sí 19. Iye náà ṣì ga gidigidi sí ti gbogbo ìlú, tí kò pé 2 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìwádìí 2018. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbúni ló mú un wálẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí ló jókòó ti àwọn tó ń ṣe é, tí wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Àṣírí ló wúwo jù nínú ẹrù yìí, ó wúwo ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá lọ. Obìnrin náà ní láti rántí irọ́ tó pa fún ìyá, èyí tó pa fún ẹ̀gbọ́n, àti èyí tó pa fún olùṣọ́ àgùntàn. Ó ń lọ sílé fún ọdún tuntun pẹ̀lú aṣọ àti ẹ̀bùn, ó sì ń bẹ̀rù nígbà gbogbo pé ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ tó wọ̀ láti Iléṣà lè ti rí òun rí. Ọkùnrin náà kò bẹ̀rù kí obìnrin náà dá òun mọ̀, tàbí bí ó bá bẹ̀rù, ìbẹ̀rù rẹ̀ kò ju ìtìjú ọjọ́ kan lọ. Ní ti obìnrin náà, ìyókù ayé rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá jà á lólè, kò lè kígbe. Bí wọ́n bá fipá bá a lò pọ̀, ẹni tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ yóò bi í léèrè ohun tó wá ṣe níbẹ̀ lóru.

Ìtàn àkọsílẹ̀ Yorùbá ti mọ obìnrin yìí tipẹ́. Láàárín 1929 àti 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde, Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, arẹwà tó lo ọ̀pọ̀ ọkùnrin, tó sì wá ń ròyìn ayé rẹ̀ láti orí ibùsùn àìsàn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láyé. Àmọ́ Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ àwọn lẹ́tà náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, Karin Barber, ọ̀kan nínú wọn, sì tún un gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, ohùn rẹ̀ sì dùn títí dòní. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló fún obìnrin náà ní ohùn, ọkùnrin ló pinnu pé àìsàn àti àbámọ̀ ni yóò jẹ́ òpin rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìtàn àti fíìmù ti ń fún aṣẹ́wó ní òpin kan náà, débi pé obìnrin tó fi owó àjọ rẹ̀ ra ilẹ̀, tó sì dákẹ́ síbẹ̀, kò sí nínú ìtàn ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bóyá obìnrin tó ń ṣe òwò yìí ló yàn án. Ìdáhùn kò lè jẹ́ ẹyọ kan. Obìnrin kan wà tí ọkọ kú fún, tí àwọn àna kó ilé àti oko, tó ní ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn. Ó wo ohun tó kù, ó sì mú èyí tó tètè mówó wá. Òmíràn ti fi iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀gá ilé ń bá a lò pọ̀ láìsanwó. Wọ́n yàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun púpọ̀ nínú igbá tí wọ́n ní kí wọ́n ti yàn. Kí a ní wọn kò ní làákàyè láti yàn, àbùkù ni. Kí a sì ní wọ́n yàn án bí ẹni tó yan aṣọ lọ́jà, irọ́ ni.

Ọ̀tọ̀ pátápátá ni ti ẹni tí wọ́n tàn. Wọ́n ní iṣẹ́ irun ń dúró dè é ní Ítálì tàbí ní Málì, ó dé ibẹ̀, wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n ní gbèsè rẹ̀ ti di mílíọ̀nù. Wọ́n ti mú un búra nílé kí ó tó kúrò, ìbúra náà sì dè é ju ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni ìgbésẹ̀ Ọba Ewuare Kejì ti Benin ní oṣù Kẹta ọdún 2018 fi ṣe pàtàkì: ó kó àwọn aláwo jọ sí ààfin, ó gégùn-ún fún àwọn tó ń kó ọmọbìnrin rìn, ó sì tú gbogbo ẹni tó ti búra sílẹ̀. Òfin ìjọba tó lòdì sí kíkó ènìyàn ṣòwò ti wà láti 2003, pẹ̀lú àjọ NAPTIP tó ń mójú tó o. Ṣùgbọ́n Ọba Ewuare fọwọ́ kan ibi tí ìdè náà wà gan-an, inú ọkàn.

Òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò ṣe kedere tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ní gúúsù, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn fìyà jẹ ẹni tó ń ṣe ilé aṣẹ́wó àti ẹni tó ń jẹun lórí owó tí obìnrin bá rí níbẹ̀. Kò sí ibi tó ti sọ pé kí àgbàlagbà méjì bá ara wọn lò pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ọ̀kan sì sanwó, jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja bá ọlọ́pàá wí fún wíwọ ilé onílé láti mú àwọn obìnrin lórí ẹ̀sùn yìí. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ti dá ẹjọ́ tí òṣèré Dorothy Njemanze àti obìnrin mẹ́ta mìíràn pe ìjọba Nàìjíríà. Ìgboro Abuja ni wọ́n ti mú wọn, wọ́n hùwà ipá sí wọn, wọ́n sì pè wọ́n ní aṣẹ́wó, nítorí pé obìnrin ni wọ́n, wọ́n sì wà níta lóru. Ilé ẹjọ́ dá mẹ́ta láre, ó ní kí wọ́n san ₦6 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn tí kò tilẹ̀ ṣe òwò náà rárá ló jẹ ìyà yẹn. Bí orúkọ náà bá ti ṣeé fi na obìnrin kan, ó ṣeé fi na gbogbo obìnrin.

Àtúnṣe kan wà tí kò pariwo. Lábẹ́ òfin ẹ̀rí àtijọ́, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn lè mú ẹ̀rí wá pé oníṣekúṣe ni obìnrin tó pè é lẹ́jọ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 dí ọ̀nà yẹn. Agbẹjọ́rò kò lè bi obìnrin ní ìbéèrè lórí àwọn ọkùnrin mìíràn tó ti mọ̀, àfi bí ilé ẹjọ́ bá gbà á láàyè. Èkìtì náà ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Kò sí ibi tí òfin náà ti ní kí wọ́n yọ aṣẹ́wó sílẹ̀.

Yorùbá ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ìwàásù tó wà lórí adìẹ, ìyẹn obìnrin náà, pọ̀ rẹpẹtẹ, pàápàá lágbègbè yìí tí ìsọjí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti tàn kálẹ̀, tí ibojì rẹ̀ sì wà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè títí dòní. Èyí tó yẹ kí oníbàárà gbọ́ kò pọ̀. Owó tó san kò ra ìlù, kò ra èébú, kò sì fún un láṣẹ láti yọ kọ́ńdọ̀mù nígbà tí obìnrin náà kò wò ó. Bí obìnrin náà bá ti sọ pé ó tó, ó ti tó. Bí ọkùnrin náà bá sì ní ìyàwó nílé, àdéhùn kan wà tó ti dà kí ó tó kan ilẹ̀kùn, òun ló sì ṣe àdéhùn yẹn, kì í ṣe olówò nàbì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn àti ọ̀pọ̀ ìdílé gbà pé òwò náà kò tọ́ rárá, wọ́n sì ní ìdí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ ṣì ní láti sọ irú ìyà tó tọ́ sí ẹni tó ra ọjà, bí kò bá fẹ́ fi ojú méjì wo ẹ̀ṣẹ̀ kan.

Ayé kò tíì fẹnu kò lórí bí òfin ṣe yẹ kó wo òwò yìí. Láti 1999, ẹni tó bá ra ni Sweden ń mú, kì í mú ẹni tó tà, nítorí ó gbà pé ìwà ipá ni rírà náà fúnra rẹ̀. New Zealand mú ọwọ́ òfin kúrò ní 2003, kí obìnrin lè pe ọlọ́pàá láìbẹ̀rù. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti oṣù Kejìlá ọdún 2024, olówò nàbì lè gba ìwé iṣẹ́, kí ó ní ìsinmi àìsàn àti ti ìbímọ, kí ó sì kọ oníbàárà tí kò wù ú. Nítòsí wa, Sẹ̀nẹ̀gàlì ti ń gba orúkọ wọn sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, fún ẹni tó pé 21, pẹ̀lú káàdì ìlera. Ọ̀pọ̀ ni kì í gba káàdì náà, nítorí orúkọ tó bá wọ inú ìwé kò ṣeé fi pamọ́ mọ́. Bí àṣírí bá jẹ́ ẹrù, ó tún jẹ́ ààbò, òfin tó bá sì gbàgbé èyí yóò máa dúró de àwọn tí kò ní wá.

Àti kúrò nínú òwò náà kò rọrùn bí àti wọ̀ ọ́. Ní Sábó, Ìbàdàn, Abner Cohen, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1969 pé àwọn karúwà Haúsá máa ń fi òwò náà sílẹ̀ lọ sílé ọkọ, wọn a tún kúrò nílé ọkọ padà síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ka ìrìn àjò náà sí ohun tí kò ṣeé ṣe. Ti Yorùbá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdílé ọkọ a máa ṣe ìwádìí ìyàwó kí wọ́n tó tọrọ rẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ lọ́kọ ní láti pinnu bóyá yóò sọ. Bí ó bá sọ, ó lè pàdánù ọkọ náà, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé Ìjerò kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá dákẹ́, yóò máa gbé pẹ̀lú ìdákẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ló dákẹ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí fíríìsà ẹja, wọ́n gba ìsọ̀ níbi tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pààrọ̀ nọ́ḿbà fóònù, nítorí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ yóò máa dún lóru.